Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Sípíríǹgì Ọkọ̀ àti Yíyàn Sípíríǹgì Ìrẹ̀sílẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí sọ nípa ọmọ ènìyàn ni iṣẹ́ yìí fẹ́ sọ nípa ẹ̀yà ọkọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí àyàfi ní ọjọ́ tí ó bá ṣẹ́. Ẹ̀yà náà ni sípíríǹgì, pàápàá jù lọ irú èyí tí àwọn ènìyàn ń rà láti fi rọ́pò ti ilé iṣẹ́, kí ọkọ̀ wọn lè sún mọ́ ilẹ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Àṣìṣe kan ni ó fa iṣẹ́ yìí, àṣìṣe náà sì jẹ́ tèmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà bi mí ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó lè lò fún irú sípíríǹgì yìí. N kò ronú jìnnà tí mo fi dá a lóhùn pé kí ó máa pè é ní 'sípíríǹgì kúkúrú'. Nígbà tí a gbé ìtumọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan láti mọ̀ bóyá ó yé e, ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Tísà, bó bá jẹ́ pé kúkúrú ni wọ́n ń fẹ́, kí ni wọ́n ń náwó sí? Ayùn irin wà níbí. Ẹ jẹ́ kí n gé èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà, ó parí." Ọ̀gá náà kò ṣẹ̀. Ohun tí orúkọ sọ fún un ni ó fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ tí a gé sípíríǹgì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó kọ́kọ́ wo ohun tí sípíríǹgì ń ṣe. Lẹ́yìn náà, a ó yan ọ̀rọ̀ ìperí fún ohun mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ máa ń dà pọ̀. Ní ìparí, a ó fi hàn bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe lè ran ẹni tí ó fẹ́ ra sípíríǹgì lọ́wọ́ láti béèrè ohun tí ó yẹ kí ó béèrè.

2.0 Ohun tí sípíríǹgì ń ṣe

Ọ̀rọ̀ àyálò ni sípíríǹgì. A kò rí ìdí tí a fi ní láti wá òmíràn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé ó ti wà lẹ́nu mẹkáníìkì, awakọ̀ àti olùtajà ẹ̀yà ọkọ̀. Irú èyí tí a ń sọ níhìn-ín ni ọ̀pá irin tí a ká bí ejò ṣe ń ká. A ó máa pe ìyípo rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 'ìká', láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe 'ká'. Kí òǹkọ̀wé má ṣe gbàgbé àmì ohùn rẹ̀, kí òǹkàwé má baà pè é ní 'ìka' ọwọ́ tàbí 'ìkà'.

Ọdẹ tí ó bá ti fa ọrun rí mọ̀ pé bí a bá ṣe fà á tó ni yóò ṣe máa fa ọwọ́ ẹni padà tó. Robert Hooke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ ohun tí ọdẹ mọ̀ yìí di òfin nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1676, ó tẹ òfin náà jáde bí àrokò, ní lẹ́tà tí a dà rú. Ní 1678 ni ó tó tú àrokò náà fún aráyé. Òfin náà ni pé bí ipá tí ń tẹ sípíríǹgì bá ti pọ̀ tó ni yóò ti súnkì tó. Bí ipá bá di ìlọ́po méjì, ìsúnkì náà yóò di ìlọ́po méjì.

A ó lo àpẹẹrẹ kan ṣoṣo jálẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àwòṣe lásán ni, kì í ṣe ọkọ̀ kan pàtó. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé sípíríǹgì iwájú kan ń gbé ìwúwo Newton 3,000, ìyẹn nǹkan bí ìwúwo kílò 306. Bí ó bá gba Newton 25 láti fún un pọ̀ ní mìlímítà kan, ìwúwo yẹn yóò fún un pọ̀ ní mìlímítà 120. Bí gígùn rẹ̀ lórí tábìlì, láìgbé ẹrù kankan, bá jẹ́ mìlímítà 350, gígùn rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ tí ó dúró yóò jẹ́ mìlímítà 230.

3.0 Ohun mẹ́ta tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀

3.1 Gíga ìdúró

Èkíní ni gíga ìdúró, ìyẹn bí ara ọkọ̀ ti ga sí ilẹ̀ tó nígbà tí ó bá dúró jẹ́ẹ́. Òun ni ojú ń rí. Òun náà ni ó ń pinnu àlàfo abẹ́ ọkọ̀, tí í ṣe àyè tí ó wà láàrin ilẹ̀ àti ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ nísàlẹ̀ ọkọ̀.

3.2 Ìtakò

Mẹkáníìkì a máa sọ pé 'sípíríǹgì yìí le'. Ọ̀rọ̀ ìṣe 'le' ní iṣẹ́ púpọ̀ nínú èdè wa: irin a máa le, ẹ̀kọ́ a máa le, ara a sì máa le. Ní ti sípíríǹgì, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè dúró fún. Irin tí a fi ṣe é lè le, tí ayùn kò fi ní tètè gé e. Sípíríǹgì fúnra rẹ̀ sì lè ṣòro láti fún pọ̀. Ènìyàn lè rò pé ọ̀kan ni ó bí èkejì, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi iná àti òróró sọ irin sípíríǹgì di líle ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ipá tí a nílò láti fún un pọ̀ ní mìlímítà kan kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ohun tí líle irin ń fún sípíríǹgì ni agbára láti padà sí gígùn rẹ̀ lẹ́yìn ẹrù wúwo, kí ó má baà wọ̀ sílẹ̀ títí láé.

Ìrísí ni ó ń pinnu ipá ìfúnpọ̀: bí ọ̀pá irin náà ti nípọn tó, bí ìká rẹ̀ ti fẹ̀ tó, àti iye ìká tí ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀pá tí ó nípọn ní mìlímítà 12 bá di mìlímítà 13, tí a kò yí ohun mìíràn padà, ipá náà yóò fi nǹkan bí ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bí ìká mẹ́fà tí ń ṣiṣẹ́ bá di márùn-ún, Newton 25 yóò di 30.

Nítorí èyí, a dábàá pé kí a fi 'líle' sílẹ̀ fún irin, kí a sì máa lo 'ìtakò' fún ìwà sípíríǹgì. 'Ìwọ̀n ìtakò' ni iye Newton tí a nílò láti fún sípíríǹgì pọ̀ ní mìlímítà kan. Bí ìwọ̀n yìí kò bá yí padà bí a ti ń fún un pọ̀, a ó pè é ní sípíríǹgì onítakò-déédé. Bí ó bá ń pọ̀ sí i bí a ti ń fún un, a ó pè é ní sípíríǹgì onítakò-àlékún. Irú kejì yìí sábà máa ń ní ìká tí ó sún mọ́ra ní apá kan. Àwọn ìká wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ra; bí wọ́n bá sì ti lẹ̀ mọ́ra, iye ìká tí ń ṣiṣẹ́ dín kù nìyẹn, ìtakò sì pọ̀ sí i.

3.3 Ìmì

Sípíríǹgì kì í pa agbára tí kòtò bá fún un. Ó kàn ń fi í pamọ́ ni, yóò sì dá a padà. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá a lẹ́kun, ọkọ̀ yóò máa jó lọ sókè sódò lẹ́yìn kòtò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó ń dá a lẹ́kun ni ẹ̀yà tí gbogbo wa ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Òróró inú rẹ̀ ń gba ojú ihò kéékèèké kọjá, ó sì ń sọ agbára ìmì di ooru. A gbà pé kí orúkọ náà dúró, ṣùgbọ́n ní ibi tí òǹkọ̀wé bá ti kọ́kọ́ lò ó, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí 'adẹ́kun-ìmì'. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ṣọ́ọ̀kì ni ó ń gbé ọkọ̀ dúró. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀kì ń dẹ́kun ìmì rẹ̀ ni.

Ìtò ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an lè dá kún àṣìṣe yìí. Nínú irú ìtò tí a fi orúkọ Earle MacPherson pè, èyí tí Ford lò fún Consul àti Zephyr ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950, sípíríǹgì yí ṣọ́ọ̀kì ká ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní ni ó ní irú ìtò bẹ́ẹ̀ níwájú. Ojú kan ṣoṣo ni a ti ń rí àwọn méjèèjì, ó sì rọrùn láti fi orúkọ kan pè wọ́n.

4.0 Ìdí tí 'kúkúrú' kò fi tọ́

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àpẹẹrẹ wa. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà fẹ́ kí ó sún mọ́ ilẹ̀ ní mìlímítà 30. Kí ó tó dé orí èrò yìí, mìlímítà 80 ni táyà lè fi gòkè kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó kan rọ́bà ìdènà, ìyẹn rọ́bà tí a fi sókè kí irin má baà gbá irin. Pẹ̀lú ìwọ̀n ìtakò 25, Newton 2,000 ni sípíríǹgì lè fi tako kòtò kí ó tó kan rọ́bà náà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rẹlẹ̀ ní 30, mìlímítà 50 ni àyè tí ó kù. Bí ìtakò kò bá yí padà, Newton 1,250 péré ni yóò lè takò. Kòtò tí ọkọ̀ náà ti ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ yóò wá di èyí tí ń gbá rọ́bà. Kí ó tó lè tako Newton 2,000 láàrin mìlímítà 50, ìwọ̀n ìtakò rẹ̀ gbọ́dọ̀ di 40.

Bí ìtakò bá ti di 40, ìwúwo Newton 3,000 yóò fún sípíríǹgì náà pọ̀ ní mìlímítà 75, kì í ṣe 120 mọ́. Gígùn tí a ń fẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ ni 200, ìyẹn 230 tí a yọ 30 nínú rẹ̀. Nítorí náà, gígùn rẹ̀ lórí tábìlì yóò jẹ́ 275. Kí òǹkàwé ṣàkíyèsí èyí dáadáa: sípíríǹgì tuntun fi mìlímítà 75 kúrú ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n mìlímítà 30 péré ni ó rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn sípíríǹgì méjì lórí tábìlì kò tíì mọ ohun tí wọn yóò ṣe lábẹ́ ọkọ̀.

Ewu mìíràn tún wà. Nígbà tí a bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, tàbí tí táyà bá já sínú kòtò jíjìn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò nà dé ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá gbà á láàyè dé. Bí ó bá fi 80 nà, àyè tí sípíríǹgì wà yóò di mìlímítà 310. Sípíríǹgì àtijọ́, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 350, ṣì wà ní ìfúnpọ̀ níbẹ̀. Ti tuntun, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 275, yóò fi 35 kúrú. Yóò máa mì nínú àyè náà, ó sì lè kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń ṣe é ní onítakò-àlékún. Ìká rírọ̀ tí wọ́n fi kún un yóò ti lẹ̀ mọ́ra lábẹ́ ìwúwo ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá nà, àwọn náà yóò nà, wọn yóò sì di àyè náà mú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ní láti lo ṣọ́ọ̀kì tí nínà rẹ̀ kúrú.

Kí ni ayùn ọ̀gá mẹkáníìkì ìbá ṣe fún wa nínú gbogbo èyí? Bí ó bá gé ìká kan nínú mẹ́fà, ìtakò yóò di 30, kò tó 40. Orí sípíríǹgì tí ilé iṣẹ́ ti tò láti jókòó dáadáa yóò bá ayùn lọ. Kò sí ìká rírọ̀ kankan tí yóò di àyè mú. Ẹni tí ó bá sì fi iná gáàsì yọ́ ọ títí yóò fi wọ̀ sílẹ̀ ti ba líle irin jẹ́ ní ojú ibẹ̀. Yóò máa wọ̀ sí i, ó sì lè ṣẹ́ lójijì lórí eré. Ṣùgbọ́n kúkúrú ni gbogbo wọn. Bí orúkọ bá sọ ohun tí a ń rí lórí tábìlì nìkan, tí kò sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ohun náà ṣe, ẹni tí ó tẹ̀ lé orúkọ lè ṣìnà láìmọ̀.

5.0 Orúkọ tí a dábàá

5.1 Ìrẹ̀sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta mìíràn ni a gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn 'kúrú'. Àkọ́kọ́ ni 'sọ̀kalẹ̀'. Ṣùgbọ́n èrò ọkọ̀ ni ó ń sọ̀kalẹ̀. Bí a bá kọ 'ìsọ̀kalẹ̀ ọkọ̀', ibi tí èrò ti ń bọ́ sílẹ̀ ni òǹkàwé yóò rò. Èkejì ni 'wọ̀ sílẹ̀'. Sípíríǹgì tí ó ti gbó ni a ń sọ pé ó wọ̀ sílẹ̀. Àbùkù ni, kì í ṣe ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ẹ̀kẹta ni 'rẹ̀ sílẹ̀'. Nínú èdè wa, ẹni tí ó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, agbára rẹ̀ kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ dín kù. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ náà gan-an nìyí: kí ó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣì lè gbé ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, 'sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀' ni a fara mọ́.

5.2 Àfirọ́pò

Ní ọjà ẹ̀yà ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀: 'orijínà', èyí tí ó ti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ wá, 'tòkunbọ̀', èyí tí a ti lò rí ní òkè òkun, àti 'àdàmọ̀dì', ayédèrú. Sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tuntun ni, orúkọ ẹni tí ó ṣe é sì wà lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Eibach, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1951 ní Finnentrop ní ilẹ̀ Jámánì, àti H&R ní Lennestadt, kò jìnnà síbẹ̀, gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. A kò lè pe iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní àdàmọ̀dì nítorí pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó ṣe é. A dábàá 'àfirọ́pò' fún ọ̀wọ́ kẹrin yìí. Bí olùtúmọ̀ kò bá ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò fi ojú ayédèrú wo ohun gidi, tàbí kí ó fi ayédèrú pamọ́ sábẹ́ orúkọ ohun gidi.

6.0 Yíyàn sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀

Bí a bá ti ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ìbéèrè tí ó yẹ kí oníbàárà béèrè kò pọ̀, kò sì ṣòro láti béèrè ní èdè Yorùbá.

(a) Ìwúwo mélòó ni a ṣe é fún? Ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè ní ẹ́ńjìnnì tí ó wúwo ju ara wọn lọ. Nítorí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ wọn fi máa ń kọ ìwúwo tí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá.

(b) Mìlímítà mélòó ni yóò fi rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ níwájú, mélòó ni lẹ́yìn? Kí a fi iye yìí wé àlàfo abẹ́ ọkọ̀ àti ọ̀nà tí a ń gbà lójoojúmọ́. Fún ẹni tí kòtò àti bọ́ǹpù pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, ìdáhùn tí ó tọ́ lè jẹ́ pé kí ó má rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ rárá.

(d) Kí ni ìwọ̀n ìtakò rẹ̀? Ṣé onítakò-déédé ni tàbí onítakò-àlékún? Bí ìrẹ̀sílẹ̀ bá pọ̀, tí ìtakò kò sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́, kí oníbàárà fura.

(e) Ǹjẹ́ ṣọ́ọ̀kì tí ó wà lára ọkọ̀ lè ṣe é? Bí kò bá sí ṣọ́ọ̀kì, ọkọ̀ inú àpẹẹrẹ wa ìbá máa mì ní nǹkan bí ìgbà 14 láàrin ìṣẹ́jú àáyá 10 pẹ̀lú ìtakò 25. Pẹ̀lú ìtakò 40, yóò di ìgbà 18. Ìdẹ́kun tí ó tó fún ti àtijọ́ yóò ku nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ohun tí ti tuntun ń fẹ́. Bí ṣọ́ọ̀kì náà bá ti gbó tẹ́lẹ̀, àìtó rẹ̀ yóò hàn kíákíá.

(ẹ) Kí ni a ó tún ṣe lẹ́yìn tí a bá fi sí i? Bí ara ọkọ̀ bá ti rẹlẹ̀, ìdúró táyà yóò yí padà. A gbọ́dọ̀ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò, ìyẹn ohun tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní aláímẹ́ǹtì. Àìṣe bẹ́ẹ̀ lè mú kí táyà máa jẹ lápá kan. A gbọ́dọ̀ tún iná iwájú tò pẹ̀lú, pàápàá bí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá rẹlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà.

(f) Ẹ̀rí wo ni ó wà fún un? Ní ilẹ̀ Jámánì, irú àyípadà yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tí ó sọ irú ọkọ̀ tí a yẹ sípíríǹgì náà wò fún. Irú ìwé ẹ̀rí kan tilẹ̀ wà tí ó ń béèrè pé kí olùyẹ̀wò tún wo ọkọ̀ náà lẹ́yìn tí a bá ti fi sípíríǹgì sí i. Ọkọ̀ tí a yí padà láìní ẹ̀rí lè pàdánù àṣẹ ìrìn rẹ̀ lójú pópó. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ìwé náà ṣì wúlò fún ẹni tí ó bá lè kà á. Iṣẹ́ olùtúmọ̀ sì ni láti mú kí ó ṣeé kà.

7.0 Ìkádìí

A kó àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá jọ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀:

(1) ìká: ìyípo kan lára sípíríǹgì
(2) gíga ìdúró: bí ara ọkọ̀ ti ga sí ilẹ̀ tó nígbà tí ó bá dúró
(3) àlàfo abẹ́ ọkọ̀: àyè láàrin ilẹ̀ àti ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ nísàlẹ̀ ọkọ̀
(4) ìwọ̀n ìtakò: iye Newton tí ó lè fún sípíríǹgì pọ̀ ní mìlímítà kan
(5) onítakò-déédé: èyí tí ìtakò rẹ̀ kì í yí padà
(6) onítakò-àlékún: èyí tí ìtakò rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí a ti ń fún un
(7) adẹ́kun-ìmì: ṣọ́ọ̀kì
(8) rọ́bà ìdènà: rọ́bà tí kì í jẹ́ kí irin gbá irin
(9) sípíríǹgì ìrẹ̀sílẹ̀: èyí tí a ṣe láti mú kí ọkọ̀ sún mọ́ ilẹ̀, tí ìtakò rẹ̀ sì bá àyè tí ó kù mu
(10) àfirọ́pò: ẹ̀yà tuntun tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe láti rọ́pò orijínà

A tún ìtumọ̀ tí a mẹ́nu bà ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, a sì gbé e padà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì náà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò mẹ́nu ba ayùn. Ìbéèrè kan ni ó bi wá: "Ìtakò rẹ̀ jẹ́ mélòó?" Ìwé tí a túmọ̀ kò sọ iye rẹ̀. A ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ pé kí oníbàárà béèrè iye náà lọ́wọ́ olùtajà kí ó tó sanwó.